Àṣẹ Tí A Fi Fóònù Pa Láti Woolwich

Ẹ bá mi kí Ohùn London! Ohùn ọlá, ohùn iyì, ohùn tó máa ń bà lé ọmọ Yorùbá lórí ní kété tó bá ti wọ inú àpótí fóònù ní Plumstead High Street, tó ti káàdì bọ ihò, tó sì gbọ́ tí ẹnì kan pariwo "Hẹ́lò!" láti ilé. Ohùn yìí kò sí lẹ́nu rẹ̀ ní ìdájí, nígbà tó ń fi ẹ̀rọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì àwọn òyìnbó. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ kò gbọ́ ọ rí. Àwọn ọmọ tirẹ̀ tí wọ́n jókòó ti tẹlifíṣọ̀n kò mọ̀ pé ó ní in. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí nọ́ńbà ilé wọlé! Àyà á yọ síwájú, èdè á yí padà, ẹni tí kò lè pàṣẹ fún ajá ní Thamesmead á bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún odidi agbolé. Kábíyèsí, Ohùn London! Kí adé pẹ́ lórí o!

Mo ní kí n kọ́kọ́ kí i ni, nítorí òun ló bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ rò fún yín yìí. Ìṣojú mi ló ṣe. Ó ti pé ọdún mélòó kan báyìí, inú sì ń bí mi síbẹ̀. Ẹ fún mi ní àga, ẹ jẹ́ kí n jókòó rò ó.

Ìparí ọdún 1991 ni. Àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba nílé ní àwọn fẹ́ gba aráàlú láàyè kí wọ́n yan gómìnà ìpínlẹ̀ fúnra wọn. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì péré ló wà, àwọn ṣọ́jà náà ló sì dá méjèèjì sílẹ̀, bí ìgbà tí bàbá kan bá ra bàtà méjì fún ọmọ rẹ̀, tó wá ní kó fi òmìnira yan èyí tó wù ú.

Ìbò náà wá ní àrà tirẹ̀. Kò sí ìwé tí èèyàn ń tẹ̀ka sí, kò sí àpótí. Wọ́n á gbé fọ́tò àwọn olùdíje sí ìta gbangba, kálukú á lọ tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́, wọ́n á wá ka orí. Wọ́n ní kó má baà sí èrú ni. Gbogbo ojú á rí gbogbo ojú: onílé á rí ayálégbé, ọ̀gá á rí ọmọṣẹ́, àna á rí àna.

Mi ò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ wa, mi ò sì ní dárúkọ ìlú wa. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà láyé, wọ́n mọ ilé mi, wọ́n sì mọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì tí mò ń wọ̀.

A ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan tó kó àwa tó wà ní Woolwich, Plumstead àti Thamesmead jọ. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọ̀sán Sọ́ńdè, a máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Thamesmead, tí kò jìnnà sí súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kan. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì là ń gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí èyí tó fẹ́ kí tòun kúrú ju tèkejì lọ.

Èmi ni akọ̀wé. Ohun tó sọ mí di akọ̀wé ni pé mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ìṣèlú ní yunifásítì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà kan ní Woolwich ni mo ń fi ètò ìṣèlú ṣọ́.

Alága wa ni Uncle Bánjí, awakọ̀ takisí tí wọ́n ń pè ní minicab. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀, àfìgbà tó kó lọ sí Shooters Hill, lórí òkè níbi tí ilé ti wọ́n. Láti ìgbà tó ti gun òkè yẹn ni kì í ti í bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ìkéde ló ń ṣe.

Ní ìpàdé Oṣù Kẹwàá, ó wọlé pẹ̀lú agbádá, nínú òtútù yẹn! Ó ní òun ti bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ni ọkùnrin kan láti ìpínlẹ̀ wa tó ń du ipò gómìnà. Ó ní Ọ̀gá ti fi òun ṣe Co-ordinator fún gbogbo South-East London, àti pé bí a bá lè bá a kó ìlú wa jọ sẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tí oore rẹ̀ kò ní kàn nínú wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ipò níbẹ̀ ní ìdúró. Ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn ní ọsibítù di Kọmíṣánnà fún Ètò Ìlera. Obìnrin tí fíríjì rẹ̀ tóbi jù láàárín wa di Olùdámọ̀ràn fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀. Èmi di Director of Publicity.

Ẹ ò ní gbà gbọ́: àwọn èèyàn dìde dúpẹ́! Wọ́n ń pe ara wọn ní Honourable nídìí kẹ́tùlù tíì.

Báwo la ṣe máa kó ìlú jọ? Àwa kò lè dìbò nílé láti ìhín. Fóònù ni. Kí kálukú pe ilé, kó pàṣẹ fún àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n tò sẹ́yìn fọ́tò Ọ̀gá. Uncle Bánjí la ìdí rẹ̀ yé wa. Ó ní ta ló ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́ sí wọn? Ta ló ra fáànù? Ta ló ṣe ilẹ̀kùn onírin? Ó ní ẹni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ wa kò gbọdọ̀ tò sẹ́yìn ẹlòmíràn. Ó wá ní kí a máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù sọ iye èèyàn tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ nílé, kí akọ̀wé máa kọ ọ́.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dìde! Ẹni àkọ́kọ́ ní ogún. Ẹni tó tẹ̀ lé e kò lè sọ ogún mọ́, ó ní ogójì. Nígbà tó fi máa kan ìlà ẹ̀yìn, ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ti ní ọ̀ọ́dúnrún. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá rò ó pọ̀, àwọn tó wà níkàáwọ́ wa ní ìlú náà ju àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lọ.

Ó wá kan Alhaja Sikira.

Block kan náà lèmi àti Alhaja ń gbé ní Thamesmead. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní Plumstead. Kò dìde. Orí ìjókòó ló ti sọ pé òun kò lè ki ìyá òun bọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Kí ló dé, Alhaja?" Uncle Bánjí ló béèrè.

"Ilé ọkọ ni ìyá mi wà. Bàbá mi ti kú. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ni olórí ẹbí báyìí, òun náà sì ni alága ẹgbẹ́ òṣèlú kejì ní wọ́ọ̀dù wa. Ẹ wá ní kí ìyá mi dúró lójú rẹ̀, kó tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n jọ ń jà?"

"Ta ló ra páànù tó wà lórí ilé náà?"

"Èmi ni."

"Páànù yín ló ń bo Bàbá Kékeré lórí, ẹ̀yin lẹ tún wá ń bẹ̀rù rẹ̀?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan láti ẹ̀yìn wá dá sí i. Obìnrin onífíríjì yẹn ni. "Ẹ fi Alhaja sílẹ̀ jàre. Kò lẹ́nu nílé ni."

Ẹ gbọ́ o. Ẹ lè pe ọmọ ìlú wa ní ahun, kó bá yín rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ó wà ní London, kí wọ́n wá ní kò lẹ́nu nílé! Mo rí i tí ọrùn Alhaja le. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀: ìyá òun, ẹnì kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, èmi àti Alhaja jọ lọ sí Plumstead láti lọ pe ilé, nítorí fóònù tó wà nísàlẹ̀ block wa ti bàjẹ́. Ní àdúgbò wọn nílé, fóònù kan ṣoṣo ló wà, ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí màmá ṣáájú pé kó wá dúró síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ pe ilé láyé ìgbà yẹn mọ bó ṣe rí: láìnì kì í gbọ́ni, àfi kéèyàn pariwo. Alhaja pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí òyìnbó kan tó ń fa ajá rẹ̀ kọjá fi dúró wò wá. Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ há ilẹ̀kùn àpótí náà ń gbọ́ ohùn màmá ketekete, nítorí òun náà ń pariwo láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

"Màmá, lọ́jọ́ ìbò, ẹ lọ tò sẹ́yìn fọ́tò Ọ̀gá o!"

"Ọ̀gá wo, Sikira?"

"Ẹni tí ẹgbẹ́ wa níbí mú ni! Ẹ béèrè, wọ́n á fi hàn yín!"

"Bàbá yín Kékeré ti sọ ibi tí gbogbo ilé máa tò sí o."

"Ẹ má dá wọn lóhùn! Ta ló ra páànù ilé náà?"

Láìnì ń hó ṣáá. Mo rò pé ó ti já.

"Ìwọ ni, ọmọ mi."

"Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n! Ẹ lọ tò, màmá. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi."

"Mo ti gbọ́. Ṣé òtútù ò pọ̀ jù lọ́dọ̀ yín? Ṣé o ń jẹun?"

Ẹ rò ó wò ná. Ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì nìyẹn o, lọ́sàn-án gangan! Gbogbo ẹni tó wá ra oògùn ẹ̀fọ́rí ló gbọ́ ohun tí màmá ṣèlérí pé òun máa ṣe. Ọjọ́ ìbò kò tíì pé rárá tí Bàbá Kékeré fi mọ̀.

Ní àsìkò yẹn kan náà, fọ́ọ̀mù kan láti ọ̀dọ̀ council, ìjọba ìbílẹ̀ ìhín, wà lórí tábìlì mi, èyí tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àwọn tó lè dìbò ní àdúgbò wa ní Thamesmead. Òfin ìhín gba àwa ọmọ Nàìjíríà láàyè láti dìbò, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì bìkítà. Lọ́jọ́ ìbò ìhín, wọ́n á fún ọ ní pẹ́ńsù nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ kan, wọ́n á fi pákó ká ọ mọ́. Ọkọ rẹ kò ní rí ọ, onílé rẹ kò ní rí ọ. Mo gbé kọ́ọ̀pù tíì lé fọ́ọ̀mù náà lórí. Kí ló kàn mí nínú ìbò àwọn tó ń ṣètò ẹni tó máa kó pàǹtírí? Èmi, Director of Publicity!

Ọjọ́ ìbò pé, màmá sì tò.

Bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún wa nìyí. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ kírun Jímọ̀, ó gbé àpótí ìjókòó kékeré rẹ̀ dání nítorí orúnkún tó ń dùn ún, ó lọ dúró sẹ́yìn fọ́tò ọkùnrin tí kò mọ̀ rí. Gbogbo ará ilé ọkọ rẹ̀ wà nínú ìlà kejì, gbọọrọ. Ìyàwó Bàbá Kékeré fi ọwọ́ pè é pé kó sọdá. Màmá ní ọmọ òun ló ní kí òun tò síbí. Bàbá Kékeré kàn wò ó. Wọ́n ka orí, kálukú lọ sílé.

Ní ọjọ́ kejì, màmá bá ẹrù rẹ̀ níta: ẹní, bẹ́ẹ̀dì, àpótí aṣọ, kẹ́tùlù àlùwàlá. Àádọ́ta ọdún ló ti lò nínú yàrá yẹn. Ibẹ̀ ló bí Sikira sí. Wọ́n ní kí ẹni tó ra páànù wá ká páànù rẹ̀, kó sì kó ìyá rẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀gá ńkọ́? Ọ̀gá wọlé! Ó di gómìnà!

Ẹ wá wo ayọ̀ ní Thamesmead. Kúlà ìrẹsì tò sórí tábìlì, àwọn èèyàn ń dì mọ́ ara wọn. Uncle Bánjí sọ̀rọ̀ títí omi fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àwa la gbé gómìnà wọlé. Ó ní bí kì í bá ṣe ti fóònù Plumstead àti Woolwich, ìpínlẹ̀ wa ì bá ti ṣubú.

Alhaja dìde. Láti ibi iṣẹ́ ló ti wá, yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ kóòtù. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá rẹ̀. Ó ní òun ò béèrè ipò. Ó ní kí Uncle Bánjí ṣáà bá òun bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀, kí ó rán ẹnì kan sí Bàbá Kékeré, kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ìyá òun padà sínú yàrá rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, òun á mú un lọ fúnra òun.

Ṣé ẹ mọ èsì tí Uncle Bánjí fọ̀?

"Alhaja, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn. Ìjọba kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí."

Ọ̀rọ̀ ẹbí! Nígbà tó ń bi í léèrè ẹni tó ra páànù, ṣé ọ̀rọ̀ ìjọba ni páànù nígbà yẹn?

Kò tán síbẹ̀. Obìnrin onífíríjì tún bọ́ síta: "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Alhaja? Èèyàn á mọ bó ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ fún àgbàlagbà. Ẹ ò bá ti ní kí màmá fọgbọ́n ṣe é."

Ọgbọ́n wo? Ọgbọ́n wo ni arúgbó fẹ́ fi dúró ní gbangba tí wọn ò ní rí i? Ẹlòmíràn ní kí a fi àdúrà sí i. Wọ́n gba àdúrà náà, ní ọ̀nà méjèèjì. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí kúlà.

Uncle Bánjí wá tẹ̀ sí etí mi. Ó ní kí n má wulẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ Alhaja sínú ìwé ìpàdé, kó má baà ba ọjọ́ ayọ̀ jẹ́. Mi ò kọ ọ́. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi di òní. Ohun tó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ yẹn ni: "A jẹun, a sì yọ̀."

Kò pẹ́ tí Uncle Bánjí fi wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ gba ipò tirẹ̀. Wọ́n ní ó jókòó sí yàrá àlejò ní ọ́fíìsì gómìnà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì máa ń fún un ní omi tútù. Ó padà dé pẹ̀lú fọ́tò kan tó fi gíláàsì bò: òun wà ní òpin ọ̀tún, Ọ̀gá wà ní òpin òsì, èèyàn bí ogún sì wà láàárín wọn. Ó tún padà sídìí minicab.

Alhaja gba lìífù, òun náà lọ sílé. Ó kúnlẹ̀ fún Bàbá Kékeré láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Bàbá náà ní òun kò bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun jà. Ó ní kì í ṣe ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ló tò sẹ́yìn fọ́tò yẹn, London ló tò síbẹ̀. Kí London gbà á sílé.

Abúlé tí àbúrò màmá ń gbé ló ti bá ìyá rẹ̀, nínú yàrá tí wọ́n ń kó àgbàdo sí, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Alhaja ní òun á gba yàrá fún un nínú ìlú. Màmá kọ̀. Ó ní ojú wo lòun fẹ́ fi máa kọjá níwájú ilé tí òun ti bímọ, kí òun máa lọ sùn ní ilé onílé?

Orí òkè bọ́ọ̀sì alájà méjì ni Alhaja ti sọ gbogbo èyí fún mi, láti Woolwich títí a fi dé Thamesmead. Kò sunkún. Ó ní màmá kò bínú sí òun, màmá gan-an ló tún ń rẹ òun lẹ́kún. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ òun: "Sikira, bí ìbò mìíràn bá tún dé, jọ̀ọ́, má pè mí."

Ó wá yíjú sí mi.

"Akọ̀wé, ìwọ lo kàwé jù nínú gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ ìbò yìí náà lo kà. Ṣé o ò mọ̀ pé ó lè já síbi báyìí ni?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Irọ́ ni mo pa. Kí nìdí tí wọ́n fi ń dìbò níkọ̀kọ̀? Ó wà nínú ìdánwò àṣekágbá mi. Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin lé e lórí, mo sì yege.

Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn ṣọ́jà gba ìjọba padà, wọ́n ní kí gbogbo gómìnà máa lọ sílé. Ọ̀gá ní ilé tó lọ. Màmá kò ní. Títí mo fi ń kọ èyí, abúlé yẹn ló wà, ọmọ Bàbá Kékeré ló sì ń sùn nínú yàrá rẹ̀, lábẹ́ páànù Alhaja.

Kí ni mo rí kọ́? Kí o tó pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ dúró síbì kan, kọ́kọ́ bi ara rẹ pé níbo ni ìwọ máa wà lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ tí màmá dúró nínú oòrùn lójú àwọn àna rẹ̀, inú ilé làwa wà ní Thamesmead, a tan híítà, a ń retí ipò. Ẹni tí kò ní jẹ nínú ìyà ọ̀rọ̀ kan kò yẹ kó máa pariwo àṣẹ lé e lórí. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ yunifásítì. Ọmọdé mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti pa irú àṣẹ yìí rí, láti London, láti Manchester, láti ibikíbi tí fóònù wà? Ta ló jìyà rẹ̀ fún yín? Ẹ kọ ọ́ sí mi. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ má fi orúkọ sí i. Mo mọ bó ṣe ń tini lójú, nítorí mi ò tíì sọ tèmi.

Ní Sọ́ńdè yẹn ní Plumstead, nígbà tí Alhaja gbé fóònù kọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣì kù nínú káàdì rẹ̀. Ó ní kí n lò ó. Mo ti ní kí wọ́n pe ìyá tèmi náà wá dúró ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì yẹn. Mo pariwo mọ́ ọn bí ọ̀gá ṣọ́jà. Mo ní kó lọ tò, ó sì lọ. Ohun kan ṣoṣo tó yọ ọ́ ni pé onílé rẹ̀ wà nínú ìlà kan náà pẹ̀lú rẹ̀, èmi kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo pàṣẹ. Mi ò tiẹ̀ béèrè.

Èmi náà ṣe é.